Kí Ló Dé Tí Sójà Ń Gun Pikọ́ọ̀pù? Àlàyé Lórí Ọkọ̀ Ogun àti Ọ̀nà Igbó

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìlú wa ń dá owó ọkọ̀ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó, odindi wákàtí méjì la fi ń jà lórí irú ọkọ̀ tí a fẹ́ rà. Mẹkáníìkì ni mí ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, mo sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé Àbújá ní jíìpù tòkunbọ̀ ni ká rà, ká fi gíláàsì dúdú sí i, kí ẹ̀rù lè máa ba àwọn ajínigbé. Ẹlòmíì ní rárá o, ọkọ̀ ayẹta ni, irú èyí tí ọta ìbọn máa bà tí á ta dànù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà, dẹ́rẹ́bà ni wọ́n níbẹ̀ láyé ọjọ́sí. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ariwo fi rọlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa lanu, wọ́n ní: "Èèyàn mélòó ló máa wọ̀ ọ́? Kí ni wọ́n máa rù? Afárá wo ni wọ́n máa gbà?"

Gbogbo wa dákẹ́.

Ìbéèrè bàbá yìí ni iṣẹ́ ológun tó bá mọ ohun tó ń ṣe fi ń bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ ra ọkọ̀. Àwa tí a ń wò látìta, orí bí ojú ọkọ̀ ṣe burú tó la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ ìwúwo ni. Ohunkóhun tí o bá fi kún un, ibì kan wà tí o ti máa san owó rẹ̀: nínú epo, nínú eré, nínú ẹrẹ̀, tàbí lórí afárá.

Orúkọ tí à ń pe ọkọ̀ wọ̀nyí gan-an ló kọ́kọ́ ń da wa láàmú. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ yòówù tó bá ti ga lẹ́sẹ̀, jíìpù ni. Highlander, jíìpù. RX 350, jíìpù. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn kò ga, kò sanra, kò tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Ní oṣù Keje ọdún 1940, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ 135 pé kí wọ́n bá àwọn ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì á máa yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ 49 péré ni wọ́n fún wọn láti gbé èyí àkọ́kọ́ wá. Wọ́n tún ní kó má wúwo ju nǹkan bíi 590 kílò lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tiẹ̀ dá wọn lóhùn. American Bantam, ilé iṣẹ́ kékeré kan tí nǹkan kò rọ̀ fún, ló gbé tiẹ̀ dé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wúwo ju òdiwọ̀n yẹn lọ dáadáa. Àwọn sójà rí i pé ohun tí àwọn ń béèrè kò lè ṣeé ṣe láéláé, wọ́n bá gbé òdiwọ̀n náà sókè sí nǹkan bíi 980. Willys, ilé iṣẹ́ mìíràn tó jọ ń bá wọn du iṣẹ́ náà, ló ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù, àmọ́ ọkọ̀ tiwọn wúwo ju òdiwọ̀n lọ. Ńṣe ni wọ́n ń yọ irin díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ kó tó lè bá òfin mu. Tiwọn ló padà borí, torí ẹ́ńjìnnì yẹn. Kí ogun tó parí ní 1945, Willys àti Ford ti ṣe tó 640,000 irú ọkọ̀ yìí.

Látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kílò ni wọ́n ń bá jà. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kó fúyẹ́ kò le: bó bá há sínú kòtò, kí àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin inú rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde. Ẹ lọ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú jíìpù olóṣèlú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde ní 1948, tí Toyota náà bẹ̀rẹ̀ èyí tó padà di Land Cruiser ní 1951. Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn bàbá wa mọ̀ ní ilẹ̀ Okun, agbègbè tiwa yìí, kí ọ̀nà ọ̀dà tó kárí. Land Rover ìgbà yẹn, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, torí irin wọ́n ní Ìlú Ọba lẹ́yìn ogun. Àǹfààní tó bá a wá ni pé ara náà kì í dípẹtà.

Kí ló wá ya jíìpù ìgboro sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ igbó? Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo fojú ara mi rí ṣàlàyé.

Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n pè mí pé jíìpù kan há sínú ìṣàn omi kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí apá Bùnú. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀gá tó ni ín wà lórí ìjókòó, ó ń tẹná, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Táyà iwájú lápá òsì ń yí bí òòyì, ẹrẹ̀ pupa ń fọ́n sókè, ó ń ba léèsì ìyàwó rẹ̀ tó dúró létí omi. Táyà ọ̀tún wà lórí yangí tó le dáadáa, ibi tó yẹ kó ti rí ilẹ̀ tẹ̀. Àmọ́ ńṣe ló dúró jẹ́ẹ́, kò mira. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹná mọ́. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ ń gbẹ́ sàréè fún un." Wọ́n ní ṣèbí four-wheel ni. Mo yí lọ sẹ́yìn bùtù, mo wo lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: AWD, ìyẹn all-wheel drive. Ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti ọkọ̀ igbó.

Àárín táyà ọ̀tún àti tòsì, ohun èlò kan wà tí à ń pè ní dífúrẹ́ńṣà. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí táyà ẹ̀gbẹ́ ìta máa rìn gùn ju ti inú lọ. Dífúrẹ́ńṣà ló ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yára ju èkejì. Ó dára gan-an lórí ọ̀dà. Àléébù rẹ̀ ni pé táyà tí nǹkan rọ̀ fún ló máa ń fi agbára ránṣẹ́ sí. Tí táyà kan bá wà nínú ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, kò sí ohun tó dì í mú, ibẹ̀ ni gbogbo agbára máa gbà lọ. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle kò ní rí nǹkan kan gbà. Ó dà bí ọ̀gá tó ń sanwó fún ẹni tó ń ṣeré, tí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ń wò ó.

Ọkọ̀ igbó gidi máa ń ní ìdè tí dẹ́rẹ́bà lè fi so táyà méjèèjì pọ̀, kí ọ̀kan má lè yí láìjẹ́ pé èkejì yí. Mercedes G, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Graz nílẹ̀ Austria ní 1979, ní mẹ́ta irú ìdè bẹ́ẹ̀: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín. Iṣẹ́ ológun púpọ̀ ló rà á, kó tó di ọkọ̀ tí àwọn olórin ń fi ya fọ́tò.

Ohun kejì ni gíà àdìpọ̀. Ọkọ̀ igbó ní oríṣi gíà méjì: èyí tí à ń fi rìn lójú títì, àti èyí tó ń sọ eré di agbára, tí ọkọ̀ á máa rákò bí alágẹmọ ṣùgbọ́n tí á máa gun òkè àpáta tó kún fún ẹrù. Ọ̀pọ̀ AWD kò ní in. Ohun tí wọ́n ṣe AWD fún ni ọ̀dà tó tutù, kí ọkọ̀ má yọ̀. Bí o bá fi wọ ẹrẹ̀ tó dé ìdajì táyà, ohun tó ń so iwájú mọ́ ẹ̀yìn á gbóná, ọkọ̀ á sì pa á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni egungun. Jíìpù ìgboro, ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Ọkọ̀ igbó ní ṣásí, irin gígùn méjì lábẹ́, tí wọ́n gbé ara lé. Orí ṣásí ni o lè so ohun tí ó wù ọ́ mọ́: ìjókòó sójà, ọ̀pá ìbọn, irin tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ mìíràn. Tó bá sì tẹ̀, àwọn wẹ́dà lè nà án.

Mo máa ń wo ikùn ọkọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ikùn ni ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́. Àgbọ̀n ni báńpà iwájú: tó bá yọ síwájú jù, á ti kọ́kọ́ fi ẹnu kọ etí gọ́tà kí táyà tó débẹ̀. Ìdí náà bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá ń gòkè jáde. Humvee, ọkọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà, ikùn rẹ̀ fi nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà ga kúrò nílẹ̀, ìyẹn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n fi gíà sínú họ́ọ̀bù táyà kọ̀ọ̀kan, kí irin tó ń yí táyà lè ga sókè. Unimog àti Pinzgauer, àwọn ọkọ̀ igbó ilẹ̀ Yúróòpù, náà ní irú ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi san án: Humvee fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Ọ̀nà oko tí pikọ́ọ̀pù ń gbà láàárín igi méjì ní igbó Yàgbà, ìta ni òun máa dúró sí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwúwo fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù.

Pikọ́ọ̀pù ìlẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ ń rí lọ́wọ́ sójà àti ọlọ́pàá, ẹrù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kó máa rù kò ju tọ́ọ̀nù kan lọ, òmíràn kò tiẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù ni o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Sójà kan pẹ̀lú bàtà, ìbọn, ọta, omi àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ ayẹta rẹ̀, ẹ ká a sí 100 kílò. Mẹ́jọ wọn ti jẹ́ 800. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì àti kẹ́ẹ̀gì dísù méjì, oní-20 lítà ni wọ́n, ìyẹn ń lọ sí 80. Táyà ìpamọ́ kejì, ṣọ́bìrì, ṣéènì, àpótí irinṣẹ́, rédíò: ẹ fi 60 sí i. Ìbọn ńlá tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú àpótí ọta rẹ̀, 100. Ó ti di 1,040. Ọkọ̀ ti kún kọjá etí, a ò sì tíì fi irin kan ṣoṣo bò ó.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Sípíríǹgì ẹ̀yìn á tẹ́ pẹrẹsẹ, ikùn tí mo sọ á sún mọ́ ilẹ̀. Búrékì kò ní tètè mú un. Èyí tó burú jù ni pé orí ọkọ̀ á wúwo ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí àwọn èèyàn jókòó sókè. Bó bá ya kọ́nà lórí eré, ṣíṣubú ló kù. Ẹni tó bá ń rìn ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja déédéé ti rí i rí, ọkọ̀ agbófinró tó dojú kọlẹ̀ láìsí ọ̀tá tó yìnbọn sí i.

Ọ̀rọ̀ ayẹta ló wá kàn báyìí. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ní ayẹta lára, kò wúwo ju ẹni tí kò ní lọ. Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Páánù irin tó nípọn mílímítà mẹ́fà, ìwọ̀n mítà kan sí mítà kan, jẹ́ 47 kílò. Tí o bá fi bo ilẹ̀kùn mẹ́rin àti ẹ̀yìn, ìwọ̀n mítà bíi márùn-ún nìyẹn, ó ti jẹ́ 235 kílò, ó lé ní sójà méjì tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀. Ohun tó wá dun èèyàn níbẹ̀ ni pé irin páánù tí àwọn wẹ́dà wa ń lò kì í dá ọta ìbọn ológun dúró ní mílímítà mẹ́fà. Irin ayẹta gidi, wọ́n ti fi iná àti omi sọ ọ́ di líle kọjá ti ọjà. Ẹni tó fi páánù lásán bo ọkọ̀ ti ru ẹrù láìrí ààbò.

Amẹ́ríkà fojú winá ọ̀rọ̀ yìí. Humvee tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1983, fún gbígbé èèyàn àti ẹrù lẹ́yìn ogun ni. Àwọn tó ṣe é kò ní in lọ́kàn pé wọ́n máa fi jà láàárín ìgboro. Lẹ́yìn tí wọ́n wọ Iraq ní 2003, bọ́ǹbù ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Àwọn sójà ń ṣa ògbólógbòó irin níbi ààtàn, wọ́n ń so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí irin ayẹta tòótọ́ dé, ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Gíà ń bàjẹ́, ilẹ̀kùn ń ṣòroó ṣí. Síbẹ̀ náà, abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, bọ́ǹbù tó bá bú nísàlẹ̀ kò ní ibi tó máa gbà lọ ju inú ọkọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní Land Rover kan tí wọ́n ń pè ní Snatch. Ìjà ìgboro ní Northern Ireland, tí òkò àti ìbọn wà, ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n gbé e lọ sí Iraq àti Afghanistan, ibi tí bọ́ǹbù ti ń jáde látinú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ sójà wọn kú sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yí padà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé e fún ló yí.

Àwọn ará South Africa ti mọ ọ̀nà àbáyọ tipẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ń jà ní ààlà Namibia. Ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Casspir, wọ́n fi abẹ́ rẹ̀ ṣe bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó ṣóńṣó sísàlẹ̀ bí lẹ́tà V. Bí bọ́ǹbù bá bú, agbára rẹ̀ á ya sí ọ̀tún àti òsì dípò kó gbá inú. Wọ́n tún gbé ìjókòó ga kúrò nílẹ̀. Ọgbọ́n náà ni Amẹ́ríkà padà gbà ní 2007 nígbà tí wọ́n sáré ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MRAP. Àwọn èèyàn ò kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá, ó ga, ó sì ń ṣubú. Nígbà tí wọ́n kó o dé Afghanistan, ibi tí ọ̀nà ti há lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó di wàhálà. Ní 2009 wọ́n ní láti wá òmíràn tó kéré díẹ̀, M-ATV, fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ìbéèrè bàbá: afárá wo ni wọ́n máa gbà? Ẹ ronú nípa afárá pákó àti kọ́fátì tí a jọ ń gbà lọ sí oko ní Ìjùmú tàbí Bùnú. Tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá lórí rẹ̀? Ọkọ̀ ayẹta ńlá á máa rìn lójú títì nìkan, ajínigbé á sì mọ ojú títì tó ń gbà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún wa ní Nàìjíríà o. Ilé iṣẹ́ Proforce ní Òde Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n sọ ní Ara, ìyẹn àrá tó ń sán. Ibi tí bọ́ǹbù bá wà nínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì gbà á, bíi ti Bọ̀rnó, kò sí ohun tó lè rọ́pò irú rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn pikọ́ọ̀pù náà máa ń ní ìtàn tiwọn, ogun Chad àti Libya ní 1987, tí wọ́n sọ orúkọ Toyota mọ́. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ ogun Chad fi Toyota kéékèèké bá ọkọ̀ ogun onírin Libya jà, ní Fada lóṣù Kìíní àti ní Ouadi Doum lóṣù Kẹta, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fo apá kan: àwọn ọmọ Chad ní ohun ìjà MILAN tí Faransé fún wọn, tó ń lu irin tánkì já láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì mọ aṣálẹ̀ náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Aṣálẹ̀ gbalasa, ojú ń ríran jìnnà, èèyàn lè fi eré sá fún ọta. Nínú igbó tiwa, ẹni tó fẹ́ yìnbọn lù ọ́ lè wà ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ọ. Eré kò ní gbà ọ́ níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn apá àtúnṣe jù, torí iṣẹ́ mi ni, ẹ fara dà á. Ọkọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe lójú ogun, ẹrù ni. Toyota ń ṣe Land Cruiser 70 láti 1984 títí di òní. Ẹ́ńjìnnì tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, 1HZ, lítà 4.2, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, onídísù, kò ní tọ́bò, kò sì ní bírénì bọ́ọ̀sì kankan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Mo lè tú u lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú sípánà. Àwọn ẹ́ńjìnnì dísù ìgbàlódé lágbára ju òun lọ fíìfíì, wọ́n sì ń jẹ epo díẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́súlù wọn kò gba ìdọ̀tí. Dísù tó lómi nínú, irú èyí tí a máa ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, ìgbà méjì péré ó ti bà á jẹ́, o sì nílò kọ̀ǹpútà kó o tó mọ ohun tó ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà wo ló wà nínú igbó?

Ìdí mìíràn tí ológun fi fẹ́ràn dísù ju bẹntiróò lọ ni pé kì í tètè gbiná tí ọta bá bà á. Àti pé lọ́rì, jẹnẹrétọ̀ àti tánkì ń lò ó, kẹ́ẹ̀gì kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọkọ̀ wọn jẹ́ irú kan tàbí méjì. Iṣẹ́ ológun tó bá ra irú ọkọ̀ méje, ó ti ra sítọ́ọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀je tí wọ́n á máa kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí. Àgbà mẹkáníìkì nínú sójà máa ń bọ́ ara òkú ọkọ̀ kan láti fi jí méjì dìde. Ìyẹn kì í ṣeé ṣe tí wọ́n bá yàtọ̀ síra.

Ọ̀rọ̀ táyà kò gùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwọn ọmọdé jiyàn. Wọ́n rò pé táyà tó fẹ̀ ló dára níbi gbogbo. Nínú iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni, kí ó tẹ́ ara lé e, kí o sì sọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tún fẹ̀ sí i. Àwọn Humvee kan tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tí dẹ́rẹ́bà fi ń sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ tàbí kí ó fẹ́ ẹ sókè láti orí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa, ẹrẹ̀ ló wà lókè, yangí líle wà nísàlẹ̀. Táyà tó tín-ínrín díẹ̀ á gé ẹrẹ̀ já, á sì rí ilẹ̀ tẹ̀. Èyí tó fẹ̀ á máa léfòó lórí ẹrẹ̀ bí ọṣẹ.

Omi náà: tí ó bá wọ ẹ́ńjìnnì láti ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, kò ṣeé fún bí afẹ́fẹ́ ṣe ṣeé fún, irin inú á tẹ̀. Ọ̀pá gígùn tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, imú rẹ̀ ni. Ẹ má rò pé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ wẹ̀ o.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ìlú wa padà rà ni pikọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ onídísù kan, tó ní gíà àdìpọ̀, àti ọ̀kadà méjì fún ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Ọmọ Àbújá yẹn bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi owó tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ wẹ́dà kan ti gé páánù sílẹ̀ tó fẹ́ fi bo ilẹ̀kùn, ọ̀fẹ́ ló fẹ́ ṣe é. Mo ní kó gbé ẹyọ kan sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èlùbọ́ lọ́jà. Ó wò ó, ó wo ọ̀wọ́ àwọn ọdẹ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé páánù rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá dẹ́rẹ́bà ní a ò ní fi fún àwọn ọdẹ láìdán an wò. Wọ́n ní kí a kó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà sí i dípò ẹrù, kí ọdẹ mẹ́jọ gùn ún, kí a gbé e lọ síbi ìṣàn omi kan náà tí jíìpù ọjọ́sí há sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikùn rẹ̀ ha òkúta, a gbọ́ ọ gbàràgàdà lábẹ́. Bàbá ní kí èèyàn méjì sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá. Wọ́n ní kí wọ́n padà, kí wọ́n tún kọjá, ó tún kọjá láìha nǹkan kan. Wọ́n wá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ 6 gàdàgbà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òjò fọ̀ ọ́ dànù lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá ní kí ọmọ wẹ́dà yẹn wá fi ọ̀dà funfun kọ ọ́.